Alápatà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń pa ẹran l'Ísàánlú.
Mi ò fọ́ òróòro rí.
Ọ̀bẹ kékeré kan wà tí mi kì í yá ẹnikẹ́ni:
màá fi ìka méjì gbé ẹ̀dọ̀ sókè,
màá gé e jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun
kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá tó ti sùn,
àpò aláwọ̀ ewé náà á sì jáde ní odidi.
Bó bá fọ́, ẹ̀dọ̀ ti korò nìyẹn.
Kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́.

Lónìí, lórí bẹ́ǹṣì pákó kan ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ́,
ọwọ́ mi ṣófo.
Ọkùnrin mìíràn ló mú ọ̀bẹ,
inú Dúnsìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ti ń wá òróòro.

Ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n bí iyeyè.
A mọ ojú yẹn. A ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tí ìka rẹ̀ wú
bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi,
tí wọ́n kọ ẹ́ẹ̀sì méjì sínú ìwé fún wa:
ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí.
Ìfẹ́ la rò pé a kó jọ.

Ṣùgbọ́n ìrora yìí kì í ṣe ti eegun.
Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló jókòó sí,
bó bá jẹ dùǹdú tán ló ń dìde.
Yèyé mi ní ibà ni, ó se dóńgóyárò.
Dúnsìn mu ún, ó bì í,
ó tún mu ún, nítorí yèyé ń wò ó.

Òkúta ni ẹ̀rọ rí.
Òkúta, nínú ọmọ tí kò tíì gbé ọkọ́ lọ sóko rí.
Dókítà Báyéré fi báírò yà á sẹ́yìn páálí oògùn:
"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè kú, Bàbá Dúnsìn.
Pàǹtí rẹ̀ ló ń dà síbí, ló ń dì.
Bó bá dí ọ̀nà, ó di wàhálà.
Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè omi kíkorò yẹn; àpò lásán ni èyí."
Àpò lásán!
Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Wọ́n kọ́kọ́ fún un lẹ́jẹ̀.
Àbúrò mi Mẹ́sẹ̀kọ gun ọ̀kadà wá láti Ẹ̀jìbà,
ó na apá, ó ní kí wọ́n fa èyí tó bá wù wọ́n.
Wọ́n ní ara irú ọmọ báyìí kò gbọdọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ tutù,
omi ń kán sí i lára mọ́jú.
Ìbọ̀sẹ̀ mi ló wọ̀ wọlé, ó dé e lórúnkún.

Mi ò lè gbàdúrà. Ẹ̀wù dókítà ni mo dì mú:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọ́."
Ó wo ọwọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín.
Mo fi ìka méjì hàn án, bí mo ṣe máa ń gbé e.
Ó mi orí, ó wọlé.

Ewúrẹ́ kan gba iwájú mi kọjá.
Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi,
mi ò wo bó ṣe sanra tó.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì gbé ìgò kékeré jáde,
òkúta mọ́kànlá, dúdú bí èédú.
"Odidi ló jáde," ó ní.
Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lálẹ́, Dúnsìn béèrè ìgò náà. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.
"Baba, ó ku ọ̀kan kó pé ilé ayò mẹ́ta.
Níbo ni ìyókù wà?"
Mo ní kò sí ìyókù.
Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀,
ẹ̀jẹ̀ Mẹ́sẹ̀kọ ń rẹ̀ lọ nínú rẹ̀, tiwa ń padà bọ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé e níwájú orí.
Ó ní ọwọ́ mi ń rùn ẹran.
Ó tún ní, ojú rẹ̀ ti ń pa dé:
"Okun, Baba."